Ẹni Tí Kò Ní Ìpín, Ṣùgbọ́n Tí Ó Bìkítà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nígbà tí a bá sì pàdé rẹ̀ nínú ìwé, àwọn kan nínú wa a túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀tún, àwọn mìíràn a túmọ̀ rẹ̀ sí òsì. Ọ̀rọ̀ náà ni “disinterested”. Bí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé adájọ́ kan jẹ́ “disinterested”, ṣé yíyìn ni ó yìn ín ni, tàbí bíbú ni ó bú u? Ọ̀rọ̀ tí ó lè jẹ́ ìyìn fún ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó sì di èébú létí ẹni tí ó kà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Mo fẹ́ sọ èrò mi lórí rẹ̀ nínú ìwé wa yìí, kì í ṣe láti fi gírámà yangàn, bí kò ṣe nítorí pé mo gbàgbọ́ pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún wà ní àárín gbùngbùn iṣẹ́ tí a wá kọ́ níhìn-ín. Ẹni tí yóò jẹ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú u palẹ̀ bí ẹni tú ẹrù. Inú èdè Látìn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: “inter” ni “láàárín”, “esse” sì ni “láti wà”. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí ó ní “interest” nínú ọ̀ràn kan ni ẹni tí ó wà láàárín ọ̀ràn náà, tí ó fi jẹ́ pé ibikíbi tí ọ̀ràn náà bá yí sí, yóò kàn án. Láti ara gbòǹgbò kan ṣoṣo yìí ni ẹ̀ka mẹ́ta ti yọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ka kìn-ín-ní ni owó tí a ń san lé orí owó tí a yá. Èyí ni Yorùbá ń pè ní èlé. Ẹ̀ka kejì ni ìpín tí ènìyàn ní nínú nǹkan, èrè tí yóò jẹ tàbí àdánù tí yóò bá a. Yorùbá a máa sọ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ó ní ohun tí yóò jẹ níbẹ̀. Ẹ̀ka kẹta ni pé kí ọkàn ènìyàn fà sí nǹkan, kí ó máa fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ sí i. Èyí ni a ń pè ní ìfẹ́ sí nǹkan.

Nítorí náà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, Yorùbá ní mẹ́ta. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá wá fi “dis” síwájú ọ̀rọ̀ náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá bi ara rẹ̀ ni pé: èwo nínú wọn ni a mú kúrò? Bí ó bá jẹ́ ìpín ni a mú kúrò, a jẹ́ pé ẹni náà kò ní èrè kankan tí yóò jẹ nínú ọ̀ràn náà, ó sì lè sọ òtítọ́ láìṣègbè. Bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ ni a mú kúrò, a jẹ́ pé ọ̀ràn náà kò wu ẹni náà rárá, ó ń yán bí a ti ń rò ó fún un. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò kéré. Ẹni àkọ́kọ́ ni a ń wá kiri kí ó lè bá wa parí ìjà. Ẹni kejì, ì bá ti dúró sílé ni.

Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ ń kọ́ni pé “disinterested” ni aláìṣègbè, pé “uninterested” sì ni ẹni tí nǹkan kò wù. Ẹ̀kọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa fi kún un pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìṣẹ̀dálẹ̀, pé àwọn aláìbìkítà ayé òde òní ni ó ba èdè jẹ́. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà kò gbè wọ́n lẹ́yìn. John Donne, akéwì àti oníwàásù tí ó kú ní ọdún 1631, ti lo “disinterested” fún ẹni tí ọ̀ràn kò kàn, nínú ìwé kan tí a tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún yìí kan náà, àwọn kan ń lo “uninterested” fún aláìṣègbè. Nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pààrọ̀ aṣọ bí ìbejì. Ní ọdún 1755, nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè ńlá rẹ̀ jáde, ìtumọ̀ tí ó fi síwájú ni ti ẹni tí èrè ara rẹ̀ kò darí. Lónìí, àwọn ìwé atúmọ̀ èdè tí ó gbajúmọ̀ ń kọ ìtumọ̀ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n sì ń kìlọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fara mọ́ lílò ó fún ẹni tí nǹkan kò wù.

Kí ọmọ Yorùbá má sì ṣe rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ń bá jà. Bí àgbàlagbà kan bá wí pé, “Ọ̀ràn náà kò kàn mí,” kí ni ó ní lọ́kàn? Ó lè jẹ́ pé ohun tí ó ń sọ ni pé òun kò sí lára àwọn tí ń jà, pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ gbè, àti pé nítorí náà òun lè bá wọn dá sí i. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ó ń sọ ni pé, wọn ì báà para wọn, òun yóò máa jẹ ẹ̀bà òun lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà ni. Ojú àti ìṣe ẹni tí ó sọ ọ́ nìkan ni a fi ń mọ èyí tí ó jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti Benin àti Togo wá, tí ẹ fi èdè Faransé kàwé, ẹ mọ̀ pé “désintéressé” jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn fún ẹni tí kì í wá èrè ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá “se désintéresse” nǹkan, ó ti kọ ẹ̀yìn sí i, kò bìkítà fún un mọ́.

Bí èdè mẹ́ta tí kò bá ara wọn gbé ilé kan náà bá ṣubú sínú kòtò kan náà, kì í ṣe ẹ̀bi èdè mọ́. Ní èrò tèmi, ọkàn ènìyàn ni kòtò náà wà. A máa ń rò pé ẹni tí kò ní ìpín nínú nǹkan kò lè bìkítà fún un. A sì tún máa ń rò pé ẹni tí ó bìkítà gbọ́dọ̀ ní ìpín tí ó fi pamọ́ sí ibì kan. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ń ran ọmọ aládùúgbò lọ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀, àwọn ènìyàn yóò béèrè pé kí ni ó ń wá níbẹ̀. Bí alága ẹgbẹ́ kan kò bá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà ti sú u. Àṣìṣe yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ “disinterested”, bí a bá lò ó bí ó ti yẹ, wá láti wò sàn. Ó ń sọ fún wa pé ipò kan wà láàárín olójúkòkòrò àti aláìbìkítà, àti pé ipò náà ní orúkọ.

Ẹ wo rẹfirí lórí pápá. Bí Gánà àti Nàìjíríà bá fẹ́ pàdé nínú bọ́ọ̀lù, orílẹ̀-èdè mìíràn ni a ti ń wá rẹfirí. Kí ni ìdí rẹ̀? Kì í ṣe pé kò sí olóòótọ́ ní Gánà tàbí ní Nàìjíríà. Ohun tí a ń wá ni ẹni tí kò ní ìpín nínú ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ tí yóò tẹ̀ lé eré náà. Síbẹ̀ rẹfirí yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí bọ́ọ̀lù kò wù. Ó gbọ́dọ̀ sáré tẹ̀ lé e, kí ojú rẹ̀ má kúrò lára rẹ̀, kí ó mọ ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án àti ẹni tí ó ṣubú láìsí ẹni tí ó taari rẹ̀. Bí ó bá ní ìpín, ìyànjẹ dé. Bí kò bá ní ìfẹ́, ìyànjẹ dé bákan náà, nítorí ohun tí kò rí kò lè fọn fèrè sí. Láàárín ìṣẹ́jú 90, rẹfirí rere jẹ́ “disinterested”, kò sì jẹ́ “uninterested” rárá.

Àwọn amòfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹjọ́ kan kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1852, ọ̀ràn kan wà níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù, láàárín ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Dimes àti ilé-iṣẹ́ tí ó ni odò àfọwọ́gbẹ́ Grand Junction. Lord Cottenham, tí ó jẹ́ olórí adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Lord Chancellor, ti dá ilé-iṣẹ́ náà láre tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó hàn pé Lord Cottenham ní ìpín owó nínú ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà sọ ní gbangba pé àwọn kò rò pé owó yìí yí ọkàn rẹ̀ padà lọ́nàkọnà. Síbẹ̀ wọ́n wọ́gi lé ìdájọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì yẹ ọ̀ràn náà wò fúnra wọn, ilé-iṣẹ́ náà ni ó tún jàre! Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó jàre kò yí padà, ṣùgbọ́n àga tí a jókòó lé láti dájọ́ gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe bí ọkàn wa ti mọ́ tó nìkan ni “disinterested” ń sọ. Ibi tí a dúró sí pàápàá ni ó ń sọ. Olóòótọ́ ènìyàn lè wà ní ibi tí kò yẹ kí ó ti dájọ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀ bí ó bá tètè dìde kúrò.

Nísinsìnyí, kí ni ó kan olùkọ́ nínú gbogbo èyí? Ó kàn án púpọ̀. Matthew Arnold, akéwì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ láti ọdún 1851 títí di ọdún 1886. Nínú àròkọ kan tí ó kọ ní ọdún 1864 lórí iṣẹ́ àwọn tí ń yẹ ìwé wò, ó fi “disinterestedness” ṣe òfin àkọ́kọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àròkọ kan náà ni ó sì ti yin ìfẹ́ láti mọ nǹkan. Kò rí ìjà kankan láàárín àwọn méjèèjì. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó tako ètò ìjọba ọdún 1862, èyí tí ó so owó ìrànlọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ iye ọmọ tí ó bá yege nínú kíkà, kíkọ àti ìṣirò níwájú alábẹ̀wò. Ní Èkó pẹ̀lú, Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1887 so apá kan nínú owó ìrànlọ́wọ́ mọ́ àbájáde àyẹ̀wò. Lójú ẹni tí kò rò ó jinlẹ̀, irú ètò bẹ́ẹ̀ dára: kí olùkọ́ tí ó ṣiṣẹ́ gba owó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ni pé ó fi ìpín sí àárín olùkọ́ àti ọmọ. Ọmọ tí ó bá di owó lójú olùkọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ ọmọ mọ́. Èyí tí yóò yege dájúdájú kò nílò àfiyèsí. Èyí tí kò lè yege láé, a ó pa á tì. Ohun tí a kì í béèrè nínú àyẹ̀wò, a kò ní kọ́ ọ.

Kò dìgbà tí ìjọba bá ṣe òfin kí ìpín tó wọ kíláàsì. Ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé pọ̀. Òbí kan gbé iṣu márùn-ún wá nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni wà nínú àwọn tí a ó yẹ ìwé wọn wò. Orúkọ kan ti orí ìwé ìdánwò sọ̀rọ̀ sí wa, ó ní, “Ìlú yín ni mo ti wá.” Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Wọ́n tún sọ pé ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fi òwe dá mi lóhùn, yóò ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi owó ara wa rà ni òwe yẹn ń sọ. Máàkì kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ olùkọ́. Ti ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè ni. Ẹni tí ó bá fi máàkì ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ, ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn ni ó bọ́ fún un.

Nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń jókòó sórí àga kan náà, ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré. Bí ọmọ Gánà bá rò pé olùkọ́ ọmọ Nàìjíríà ń fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní máàkì, tàbí tí ọmọ Sàró rò bẹ́ẹ̀ nípa ará Gáḿbíà, ẹ̀kọ́ ti parí kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, nọ́ńbà ni a ń kọ dípò orúkọ. Nọ́ńbà kò ní ìlú, kò ní ẹ̀yà, kò ní ẹ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ fún wa nípa ewu kejì, nítorí pé òun ni ó ń fi ara pamọ́. Olùkọ́ kan wà tí kì í gba iṣu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí kì í gbè sẹ́yìn ọmọ kankan, tí ó sì ń fi èyí yangàn. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáradára, a ó rí i pé ìdí tí kò fi ṣègbè ni pé kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ń pín máàkì bí ẹni ń da àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ. Bí ọmọ kan bá ń ṣubú lẹ́yìn, yóò ní, “Kò kàn mí, mo ti kọ́ wọn.” Ẹni yìí ti fi aṣọ aláìṣègbè bo àìbìkítà mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Ọmọ tí olùkọ́ pa tì lónìí ni yóò máa hó hùrùhẹ̀rẹ̀ sí etí gbogbo ìlú lọ́la.

Nítorí náà, kí ni kí a ṣe sí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a bá dé kíláàsì wa? Lákọ̀ọ́kọ́, kí a má ṣe fi í na ọmọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ “disinterested” fún ẹni tí nǹkan kò wù, ẹ má sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó lò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ìtàn yóò já yín. Ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìsí ìyọnu, pé ẹni tí ó ní ọkọ́ àti àdá kì í fi àdá kọ ebè. Lẹ́ẹ̀kejì, kí a kọ́ wọn láti máa wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Bí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ bí ìmọ̀ràn, ìdájọ́ tàbí ọ̀rẹ́, àìṣègbè ni ó sáábà jẹ́. Bí “in” bá tẹ̀ lé e, tí a dárúkọ ohun kan lẹ́yìn rẹ̀, àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan náà ni òǹkọ̀wé sáábà ní lọ́kàn. Lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí àwa fúnra wa bá ń kọ̀wé, tí a sì rí i pé òǹkàwé lè ṣì wá gbọ́, kí a fi gbólóhùn mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Kò sí ọlá nínú ọ̀rọ̀ tí ó tọ̀nà tí ẹni tí a kọ ọ́ sí kò gbọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé èdè ń yí padà, kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa lọ sí ibi tí ó bá ń lọ. Mo gbà pé èdè ń yí padà, n kò sì lè dá a dúró. Mo sì gbà pé bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ kú, ìwà náà kò ní kú: àwọn baba wa ń wá aláìṣègbè láti parí ìjà wọn láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ṣùgbọ́n ọjà tí ó ní orúkọ ni a ń béèrè nínú ọjà. Òbí tí ó ní orúkọ fún ohun tí ó ń fẹ́ lára olùkọ́ ọmọ rẹ̀ yóò béèrè rẹ̀. Olùkọ́ tí ó mọ orúkọ náà yóò mọ̀ nígbà tí ó bá ti sọ ọ́ nù.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá rán wa lọ, ì báà jẹ́ ní Kumasi tàbí ní Kaduna, ní Freetown tàbí ní Banjul: kí a lé ìpín kúrò nínú ọwọ́ wa, kí a má sì lé ìfẹ́ kúrò nínú ọkàn wa. Olùkọ́ tí ó bá lè ṣe méjèèjì pọ̀, kò sí ọmọ tí yóò jókòó níwájú rẹ̀ tí yóò rò pé a yan òun jẹ, kò sì sí èyí tí yóò rò pé a gbàgbé òun.